Owó oúnjẹ ò tó mọ́, ọmọ mi ò sì tẹ̀wọ̀n: kí ni mo lè fi kún kókò rẹ̀?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Pàkátà, Ìlọrin)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún 3, àbúrò jẹ́ ọmọ oṣù 10. Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá wọn ń ṣe, iṣẹ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ torí àwọn tó ń kọ́lé ti dáwọ́ dúró. Èmi ń ta omi inú ọ̀rá àti bísíkíìtì lẹ́nu ọ̀nà ilé. Owó tó máa ń gbé wa dé ìparí ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í la ọjọ́ kejì já mọ́.

Kékeré ṣì ń mu ọmú. Yàtọ̀ sí ọmú, kókò (ẹ̀kọ mímu tí a fi ògì ṣe) ni mo ń fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Ó ń mu ún, ikùn rẹ̀ a yó, kì í sunkún ebi. Àmọ́ apá rẹ̀ rí tín-ín-rín. Ọmọ tí wọ́n jọ bí lágboolé wa ti ń di ògiri mú dìde, tèmi ṣì jókòó. Nígbà tí mo gbé e lọ síbi ìwọnmọ, ẹni tó wọ̀n ọ́n jágbe mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn pé kí n máa fún un ní ẹyin, ẹran àti mílíìkì. Kò bi mí bóyá mo rówó rà á.

Kí ni mo lè fi kún kókò yìí tí apá mi á ká? Àgbàdo tuntun ò tíì jáde, ẹ sì mọ bí ọjà ṣe máa ń gbóná lásìkò yìí.

Ìyá Ológì (Ìpàta, Ìlọrin)

Màmá Kékeré, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú. Kò yẹ kí wọ́n jágbe mọ́ yín. Ògì ni mò ń ṣe tà, torí náà mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì mọ ohun tí kò sí níbẹ̀.

A ó rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a ó ṣàn án, a ó gbé e lọ sẹ́rọ, a ó wá fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èyí tó kù lójú asẹ́ ni èérí. Ẹ bu èérí sọ́wọ́ kí ẹ wò ó dáadáa: èèpo àgbàdo wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ tó máa ń hù náà wà níbẹ̀, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ojú yẹn ni ọ̀rá àgbàdo wà, ó sì ṣe ara lóore ju funfun rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ló ń jẹ gbogbo ìyẹn. Èyí tí èmi ń sìn lẹ́yìnkùlé, ara wọn ń dán.

Ohun tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni funfun àgbàdo. Bí ẹ bá wá tún po ìyẹn ṣàn, ikùn á kún lóòótọ́, àmọ́ omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. N ò ní kí ẹ má fún un ní kókò o. Ẹ jẹ́ kó ki ni mo wí. Ẹ fi ṣíbí bù ú, ẹ dẹ ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ń ṣàn lọ bí omi, kò tọ́ sí ọmọ oṣù 10. Tó bá dúró lórí ṣíbí díẹ̀ kó tó já bọ́, ìyẹn ló dáa. Abọ́ àti ṣíbí ni kí ẹ fi fún un, ẹ gbé fíìdà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, ẹ fi ẹ̀pà yíyan tí ẹ lọ̀ kúnná sí i, ṣíbí kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹja yọyọ gbígbẹ tí ẹ gún pẹ̀lú eegun rẹ̀ títí tó fi di lúbúlúbú. Kí epo pupa, ṣíbí kékeré kan, tẹ̀lé e. Kò ní wù ú bíi ti ṣúgà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní sùúrù fún un, á mọ́ ọn lára.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Òmù-Àrán)

Ẹ ṣeun, Ìyá Ológì, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Iṣẹ́ ìlera abúlé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Màmá Kékeré, kí a tó máa pín ìmọ̀ràn oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ wà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé mìíràn bí ẹsẹ̀ yín ò bá lè gbé yín padà síbi tí wọ́n ti dójú tì yín. Ẹ ní kí wọ́n fi téèpù wọn òkè apá òsì rẹ̀, láàárín èjìká àti ìgúnpá. Fún ọmọ oṣù 6 títí dé 59, bí apá bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé ló bọ́ sí. Bí ó bá wà láàárín 11.5 àti 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni, ọmọ ń rù. Bí kò bá tó 11.5, pupa ni. Ọmọ tó bọ́ sí pupa ti kọjá ohun tí ìkòkò ilé lè dá tọ́jú, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, inú ọ̀rá ló máa ń wà: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ṣúgà, òróró àti fítámínì. Gíráàmù 92 ni ọ̀rá kan, kálórì 500 ló wà nínú rẹ̀. Oògùn ni kí ẹ kà á sí. Kí ẹ̀gbọ́n má bá a pín in, kí ẹnikẹ́ni má tà á.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò tí ojú ibẹ̀ jìn wọnú, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró di ọ̀la. Mo ti rí ìyá tó ń yọ̀ pé ọmọ òun ti ń sanra, wíwú ló ń wú.

Bí apá àti ẹsẹ̀ bá dáa, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ la ó mú lé. Ikùn ọmọ oṣù 10 kéré, kò lè gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ oṣù 6 sí 8 yẹ kó jẹun lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù 9 títí di oṣù 23, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpápánu lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín. Ọmú ò gbọ́dọ̀ dúró.

Onísóyà (Gánmọ)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wàrà sóyà ni mò ń dín tà lójú ọ̀nà. Ìyá mi, ẹ dán Tom Brown wò, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà tí a yan, tí a lọ̀ pọ̀ fún kókò ọmọ. Kì í ṣe nǹkan olówó ńlá, agolo mílíìkì òfìfo lẹ lè fi wọ̀n ọ́n: àgbàdo agolo 6, sóyà agolo 3, ẹ̀pà agolo 1. Ẹ lè fi jéró tàbí ọkà bàbà rọ́pò àgbàdo, èyí tó bá rọjú lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣà á dáadáa kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀pà ni kí ẹ fojú sí jù. Èyí tó bá bu, tó dúdú, tó súnkì tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù bó ti wù kó dùn yín tó. Májèlé inú ẹ̀pà tó bu kì í gbọ́ iná. Àgbàdo tó bu náà bẹ́ẹ̀.

Sóyà ló ń fẹ́ sùúrù. Ẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bọ́, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ wá yan án lórí iná tí kò le jù. Níbẹ̀rẹ̀, òórùn ewé tútù ló máa ń mú wá. Nígbà tó bá jinná, ó máa ń ta sánsán bí ẹ̀pà, ó sì máa ń ya sí méjì bí ẹ bá gé e jẹ. Ẹ má yára sọ ọ́ kalẹ̀, torí sóyà tí kò jinná máa ń yọ ikùn ọmọ lẹ́nu, ara kì í sì í rí oore rẹ̀ gbà. Ẹ yan àgbàdo títí tó fi pọ́n díẹ̀. Ẹ yan ẹ̀pà, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù.

Tí ẹ bá dé ilé ẹ̀rọ, ẹ bẹ alẹ́rọ kó kọ́kọ́ lọ àgbàdo lásán díẹ̀ fún yín, torí ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ṣáájú máa ń kù sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ti rí ọmọ tó kọ oúnjẹ, tí ìyá rẹ̀ rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀, ata ló ń ta á lẹ́nu.

Ẹ máa fi omi tútù pò ó kó tó dé orí iná kó má baà di kókó, kí ẹ sì máa rò ó títí á fi jinná dáadáa. Ẹ má lọ èyí tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀, bó bá pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí rùn bí òróró tó ti bàjẹ́. Àwọn ìyá kan ládùúgbò mi ń dá owó jọ, wọ́n á ra ohun gbogbo pọ̀, wọ́n á yan án pọ̀, wọ́n á pín in. Owó igi àti owó ẹ̀rọ á fúyẹ́ fún gbogbo wọn.

Ìyá Àgbà (Ìgbàjà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, àmọ́ ẹ má gbàgbé ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gúre, ewédú, kò sí èyí tí kì í hù lẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ń gbà. Lúrú tiyín ní Ìlọrin ńkọ́? Ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ sè é pẹ̀lú epo pupa àti yọyọ, ẹ fi tùwó rírọ̀ rún un fún ọmọ. Ọmọ oṣù 10 ò sí nípò kókò nìkan mọ́. Ó yẹ kó ti máa jẹ nínú ìkòkò ilé, kí ẹ kàn bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ata tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀wà tó bá jinná dẹ̀ngẹ́, tí ẹ rún, tí ẹ fi epo sí, oúnjẹ ọmọ ni. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò ní ata náà ńkọ́?

Ohun méjì ni mo fẹ́ bi Nọ́ọ̀sì. Àkọ́kọ́, nígbà tiwa, bí ọmọ ò bá jẹun, a máa ń rọ ọ́ ni, ọ̀pọ̀ yín tó ń kọ̀wé níbí ni wọ́n rọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n sọ fún wa pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Òmù-Àrán)

Màmá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ilé tí ẹ sọ yẹn, òun gan-an ni.

Ní ti rírọ ọmọ, Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n dì mú, tí wọ́n fi ọwọ́ dí nímú kó lè gbé e mì, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. A ti pàdánù ọmọ báyìí, kì í ṣe tìdùnnú-tìdùnnú ni mo fi ń sọ ọ́. Ẹ jókòó kọjú sí ọmọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ fún un díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún fún un. Bí oúnjẹ ò bá wù ú fún ọjọ́ méjì, àìsàn lè wà lára rẹ̀ tàbí egbò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti ẹyin, ẹ fún un. Ẹyin kan tí ẹ bọ̀ kó jinná, tí ẹ rún mọ́ kókò tàbí iṣu, ó wà lára ohun tó dára jù tí owó kékeré lè rà fún ọmọ. Ọmọ tó ń yọ́ ẹran mú nínú ìkòkò, ebi ẹran ló ń pa á.

Bàbá Ìbejì (Ajàṣẹ́-Ìpo)

Ẹ̀yin ọkùnrin bíi tèmi tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n bá wa sọ̀rọ̀. Nínú ilé púpọ̀, bàbá ló ń jẹ ẹran mẹ́ta, ìyá á jẹ ọ̀kan, ọmọdé á fi ọbẹ̀ lásán jẹun. A ti bá a bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ara tèmi ti dàgbà tán, tọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ara rẹ̀. Nílé mi báyìí, ọmọdé la kọ́kọ́ ń bù fún, ẹja tiwọn a máa wà nínú rẹ̀, a ti yọ eegun rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù la ó fi jẹ tiwa. Kò gba owó kankan lọ́wọ́ mi.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà gbọ́dọ̀ jẹun. Bàbá ọmọ Pàkátà, mo mọ̀ pé kò rọrùn, ẹ bá wa fún Ìyá ní tiwọn.

Àfáà Ilé-Kéwú (Ìlọrin)

As-salaamu alaykum. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un torí ọ̀pọ̀ ìyá ní ìlú wa máa ń bi mí. Al-Qur'an sọ nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 233, pé kí àwọn ìyá fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ kó pé. Nínú ẹsẹ kan náà ni ó ti fi bíbọ́ ìyá náà àti aṣọ rẹ̀ sọ́rùn bàbá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ ka ẹsẹ náà tán.

Tó bá sì di oṣù Ramadan, aboyún tàbí abiyamọ tó bá ń bẹ̀rù pé ààwẹ̀ á ṣèpalára fún òun tàbí fún ọmọ, ó ní ìyọ̀ǹda láti ṣínu. Kó bi àfáà rẹ̀ nípa bí yóò ṣe san án padà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń rù ò gbọ́dọ̀ tijú láti jẹun lọ́sàn-án Ramadan.

Bàbá Àgbẹ̀ (Ọ̀ffà)

Ọ̀rọ̀ ọjà ni tèmi. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, owó ọkọ̀ láti oko dé ọjà ò wálẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Torí náà, Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, kì í ṣe pé ẹ ò mọ owó ná.

Ẹ̀wà tuntun máa ń pọ̀ lọ́jà nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Àsìkò yẹn ni kí ẹ̀yin tó ń dá àjọ gba owó yín, kí ẹ pa owó pọ̀ ra àpò, kí ẹ pín in. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, ẹ dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Ẹ má ra ẹ̀wà tó ń rùn bí Sniper, oògùn apakòkòrò, ẹ má sì fi í sínú tiyín láéláé. Oògùn yẹn ń pa èèyàn. Ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀.

Ní Ọ̀ffà níbí, ànàmọ́ la fi mọ̀ wá. Irú kan wà báyìí tí inú rẹ̀ pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì, ara máa ń sọ àwọ̀ pípọ́n yẹn di fítámínì A. Ẹ wá okùn rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹ gbìn ín sínú àpò sìmẹ́ńtì tó ní yẹ̀pẹ̀ bí ẹ ò bá ní ilẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti ń wà á. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fi epo pupa díẹ̀ rún un fún kékeré.

Ìyá Ìbejì (Ṣàárẹ̀)

Kí n fi tèmi kún un: bí ọmọ bá ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má dá oúnjẹ rẹ̀ dúró. ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ mu) àti oògùn síǹkì ni kí ẹ béèrè. Síǹkì, ọjọ́ 10 sí 14 ni kí ó lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Omi kànga tí ẹ bá fi po oúnjẹ ọmọ, ẹ sè é kó hó.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Pàkátà, Ìlọrin)

Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á bá wa tọ́jú ọmọ gbogbo wa. Mo ti gbé e lọ sí ibòmíràn, wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbà mí. Àwọ̀ ìyeyè ni apá rẹ̀ bọ́ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wú. Mo ti ń fi ẹ̀pà àti yọyọ sí kókò rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ̀wà rírún. Bàbá wọn ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ọkùnrin kọ, kò jiyàn.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé mo lè máa fi èérí sí oúnjẹ rẹ̀? Aládùúgbò mi ní kí n ra mílíìkì ọmọdé kí n máa fi omi púpọ̀ pò ó kó lè pẹ́, ṣé kò léwu? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ó ń jẹun, àmọ́ ó kúrú sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ológì (Ìpàta, Ìlọrin)

Ẹ má fún kékeré ní èérí o, ó le jù fún un, ó sì tètè ń bàjẹ́. Àgbàdo gbígbẹ tí ẹ bá yan, tí ẹ lọ̀ láìsẹ́, gbogbo oore èérí ti wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Òmù-Àrán)

Inú mi dùn. Ẹ má po mílíìkì ọmọdé ṣàn láé. Ebi ni ọmọ á máa mu, omi tí kò mọ́ á tún fa ìgbẹ́ gbuuru. Owó mílíìkì yẹn, ẹ fi ra ẹyin àti ẹja. Ọmú yín wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà ṣe pàtàkì, mo dúpẹ́ pé ẹ bi mí. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ. Àìjẹun tó péye fún ìgbà pípẹ́ àti àìsàn lemọ́lemọ́ ló sábà ń fà á. Ẹ jẹ́ kí òun náà máa jẹ nínú Tom Brown, ẹ̀wà àti ẹja, kúlíkúlí dípò bísíkíìtì. Ẹ má fún un ní ẹ̀pà odidi, ó lè há a lọ́fun. Ẹ bi wọ́n nípa oògùn aràn, ẹ béèrè fítámínì A fún àwọn méjèèjì. Láti oṣù 6 títí di ọdún 5, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń kán an sí wọn lẹ́nu. Ti kékeré á jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ti ẹ̀gbọ́n á jẹ́ pupa.

Ẹ gbé kékeré padà lọ wọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ mú káàdì rẹ̀ dání. Bí apá náà bá tún dínkù, tàbí tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un ṣáájú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Onísóyà (Gánmọ)

Ìyá mi, tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́jà Gánmọ, ẹ béèrè mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń dín wàrà. Màá bá yín ṣa sóyà, ẹ ó sì mú àgbàdo tiyín wá ká jọ yan án pọ̀.